Ta Ló Kọ́ Ọ? Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àwọn Awakọ̀ Fọ́kílíìfù ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹ dúró sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ èyíkéyìí ní Odógunyàn ní Ìkòròdú nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ṣíìfù, kí ẹ bi àwọn tó ń wa fọ́kílíìfù pé ta ló kọ́ wọn. Orúkọ èèyàn ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Wọn ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ẹnì kan á ní ọ̀gá òun tó ti lọ sí Ọ̀tà ni. Òmíràn á ní bọ̀dá kan tí wọ́n jọ ń já ẹrù nígbà náà ni. Ẹ̀kẹta á rẹ́rìn-ín, á ní ojú lòun fi kọ́ ọ.

Èmi ò wa ọkọ̀ náà rí. Sítọ́ọ̀kípà ni mí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí àti ìwé tí a fi ń ka ẹrù ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú, òun náà ni mo sì dá padà fún wọn nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Bí ọwọ́ irin fọ́kílíìfù bá gún àpò ṣúgà, bí páléètì bá dà nù láti òkè, bí ògiri bá lu, ìwé tèmi ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó ń ka ẹrù ló máa ń kọ́kọ́ mọ ẹni tí kò mọ ẹrù gbé. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo sọ lókè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lọ́dọ̀ mi. Mo ti wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sẹ́yìn gan-an, ó ju ìgbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù lọ.

Orí ló kọ́kọ́ gbé e. Ìlú ẹrù ni Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí. Ní oṣù September 1854, ó bá Consul Benjamin Campbell ṣe àdéhùn: òun yóò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ oyè Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yóò sì gbà pé Palma tó wà létí òkun jẹ́ èbúté òwò tirẹ̀. Epo pupa ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Inú àgbá ni epo náà máa ń wà, àgbá epo kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé rù; yíyí ni wọ́n ń yí i láti orí ilẹ̀ dé etí omi, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí nígbà tí àgbá bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi kọ́gbọ́n. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ tó kù sẹ́yìn ni a ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí dòní.

Ìkòròdú náà, ọ̀rọ̀ ẹrù ló kó ogun bá a. Ojú ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọ Èkó ni ìlú náà wà. Ní 1865 àwọn Ẹ̀gbá wá dó tì í, nítorí wọn ò fẹ́ kí òwò òkè máa gba ibẹ̀ kọjá dé Èkó láìgba ọwọ́ àwọn. Gómìnà Glover rán àwọn ọmọ ogun tó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì láti Èkó ní oṣù March ọdún náà, wọ́n sì tú ibùdó àwọn Ẹ̀gbá ká. Àwọn òpìtàn máa ń sọ̀rọ̀ ọba àti gómìnà nínú ìtàn yẹn. Èmi máa ń ro ti àwọn tó ru ẹrù náà.

Ìyá ìyá mi ná ọjà Ẹ̀jìnrìn, nígbà tí Ẹ̀jìnrìn ṣì jẹ́ ọjà tí gbogbo Ìjẹ̀bú ń gbẹ́rù wá bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí aláàárù ṣe ń kọ́ṣẹ́. Wọn kì í gbé odindi ẹrù ru ọmọ tuntun. Ìdajì ni yóò kọ́kọ́ máa rù, kò sì ní tíì gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ láti inú ọkọ̀ sí etí omi. Orí ilẹ̀ ni yóò wà. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń ká òṣùká tí kò fi ní yẹ̀. Wọ́n á kọ́ ọ pé ẹni tó bá rẹrù kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, iwájú ló ń wò. Pákó náà ló wá kàn: pákó máa ń tẹ̀, ó sì máa ń ta padà, ẹni tí kò bá bá a lọ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ rẹ̀, omi ni yóò bá ara rẹ̀. Olórí aláàárù ni yóò dúró wò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ní kí wọ́n gbé àpò kíkún ru ú.

Kí ló dé tí olórí aláàárù fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ìyá àgbà ò fi ìyẹn pamọ́: bí ẹrù bá bọ́ sómi, olórí aláàárù lẹ́rù ń bá wí. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni oníṣòwò yóò ti gba owó rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ tó jẹ́ pé àná ló dé. Ẹni tí yóò san gbèsè ló ń kọ́ni, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kọ́ni dáadáa.

Bákan náà ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tó kù nílẹ̀ wa rí. Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, mẹkáníìkì tàbí jórin-jórin, àdéhùn wà, ẹlẹ́rìí wà, ọdún tí yóò fi kọ́ṣẹ́ wà nínú ìwé. Bí ó bá parí, wọ́n á ṣe fírídọ̀m fún un. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀gá á sì sọ lójú gbogbo ayé pé ọmọ yìí ti tó dá dúró. Àwọn kan máa ń fi àsè inú rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ fi àsè sílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá náà fi orúkọ ara rẹ̀ dúró. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ kan ilẹ̀kùn tí kò dé, wọ́n á béèrè ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́. Àní mọ́tọ̀ bọ́ì lásán, tó ń fi igi dá táyà lọ́rì dúró lórí òkè, tó ń fọ ọkọ̀ láàárọ̀, tó ń sùn sínú rẹ̀ lálẹ́, mọ̀ pé ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà bá fún òun ní síárìn, dẹ́rẹ́bà náà ti fi oúnjẹ ara rẹ̀ wewu ni.

Fọ́kílíìfù ò bá irú ọ̀nà yìí wọ̀lú.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1917, ilé iṣẹ́ Clark tó wà ní Buchanan ní ìpínlẹ̀ Michigan ṣe ọkọ̀ kékeré kan láti máa fi kó ẹrù tirẹ̀ kiri inú ọgbà. Àwọn tó wá ra ọjà rí i, wọ́n ní ọkọ̀ yẹn gan-an làwọn fẹ́ rà. Ní 1923, Yale gbé èyí tó ní ọwọ́ irin méjì níwájú àti òpó tó ń gbé wọn lọ sókè jáde. Ogun Àgbáyé Kejì ló wá sọ ọ́ di ohun gbogbo ayé, òun àti páléètì onígi tí wọ́n máa ń ki ọwọ́ irin bọ abẹ́ rẹ̀. Ní 1956 Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní Japan. Ọdún yẹn kan náà, ní April 26, ọkọ̀ òkun Ideal X gbéra pẹ̀lú kọ̀nténà àkọ́kọ́ tí Malcom McLean kó lé e. Láti ìgbà náà ni ẹrù ti ń kúrò lórí èèyàn díẹ̀díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí, nítorí pé ní Àpápá, tí wọ́n ti parí ibùdókọ̀ ojú òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ láti 1926, àpò ṣì ń gorí èjìká dọ́kà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Àwọn tó bá ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì 1975. Ìjọba Gowon àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un ti ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì lókè òkun. Èbúté Èkó ò sì lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọkọ̀ òkun tó ju 400 lọ tò sójú omi, wọ́n ń dúró de ààyè, ìjọba sì ń san owó ìdúró fún wọn lójoojúmọ́. Sìmẹ́ǹtì ń le di òkúta nínú ọkọ̀. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon ní July 29 ọdún náà, ọ̀rọ̀ èbúté sì wà lára ohun tí àwọn tó gbà á kọ́kọ́ bá fà. Èbúté tuntun ní Tin Can Island ni wọ́n fi dá a lóhùn. October 1977 ni wọ́n ṣí i.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìkòròdú, ohun tó kàn wá nínú ìyọnu yẹn ni ibùdó bájì tí àwọn aláṣẹ èbúté ṣe sí Ìpakodò. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí wọ́n já ẹrù láti ara ọkọ̀ ńlá sínú bájì, kí bájì gba orí ọ̀sà wá sí Ìkòròdú, kí tírélà wá gbé e níbẹ̀ láìwọ àárín Èkó. Ọ̀nà tí ọkọ̀ àjẹ̀ ti ń gbà láti ayébáyé ni, wọ́n kàn fi irin ṣe é. Nígbà tó yá, ibẹ̀ di ibi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń kó kọ̀nténà tí olówó rẹ̀ kò tètè wá gbà sí, kí wọ́n tó lù ú ní gbàǹjo. Níbi tí wọ́n bá ti ń tú kọ̀nténà báyìí, fọ́kílíìfù ò lè ṣàìsí níbẹ̀.

Odógunyàn ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ bíi Nichemtex, àwọn tó ń yọ́ irin, àwọn tó ń ṣe ike, àwọn tó ń po oúnjẹ, gbogbo wọn tò sí ojú ọ̀nà Ṣàgámù. Ní 1985 iná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Ẹgbìn lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ́, ilé iṣẹ́ iná tó lè mú mẹ́gáwáàtì 1,320 wá. 

Ta ló jókòó sórí àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn? Ní ilé iṣẹ́ tó dára, ẹni tó wá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ máa ń lo ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, ó di ti lódà. Lódà ló ń kó ẹrù sórí páléètì. Nígbà tí awakọ̀ bá lọ jẹun ọ̀sán, lódà á gòkè, á tan án, á sún un síwájú, á sún un sẹ́yìn. Awakọ̀ á padà dé, á bú u. Lọ́jọ́ kejì á fi hàn án. Lódà á ra mínírà fún un. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, awakọ̀ ṣàìsàn, kọngílá tó ń kó òṣìṣẹ́ wá sì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kí iṣẹ́ má dúró. Báyìí ni lódà ṣe ń di ọ̀gá. Mo ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀ léraléra, n kò sì lè bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí owó awakọ̀ ju owó lódà lọ, ẹ̀yìn awakọ̀ kì í sì í ro ó tó ti lódà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sọnù níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ́ni. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gba owó ìkọ́ṣẹ́ kan lọ títí, àdéhùn ò sí, fírídọ̀m ò sí. Bí ọmọ tí ó kọ́ bá da ẹrù nù lọ́la, kọ́ńpìnnì ni yóò ru gbèsè rẹ̀, kọ́ńpìnnì ò sì mọ̀ pé òun ní ọ̀gá kan tó ń kọ́ni nínú ọgbà òun. Olórí aláàárù ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì dúró sí ipò rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ìjọba ńkọ́. Ìjọba ò sùn pátápátá. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1955, nígbà tí òyìnbó ṣì wà nílé ìjọba, ló ṣíwájú. Wọ́n tún un ṣe ní 1987, òun náà ni a sì ń lò di àkókò yìí. Abala 23 rẹ̀ sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tó lè pa á lára, àfi tí wọ́n bá ti la ewu ibẹ̀ yé e ní kíkún, tí wọ́n sì ti sọ bí yóò ṣe ṣọ́ra fún un. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ni òfin là sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé onítọ̀hún ti kẹ́kọ̀ọ́ tó tó nídìí ẹ̀rọ náà. Tàbí kí ẹnì kan tó mọ ẹ̀rọ náà dunjú máa mójú tó o.

Mo kọ́kọ́ ka òfin yìí nínú ìwé kan tí ọ̀gá séfútì fi sílẹ̀ lórí tábìlì mi, mo sì jókòó tì í pẹ́. Òfin náà dára. Kò dárúkọ fọ́kílíìfù, kò sì yẹ kí ó dárúkọ gbogbo irin tó wà láyé. Ọ̀nà kejì yẹn ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń gbà. Kí ló dé tí wọn yóò fi náwó lórí ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n lè sọ pé ẹnì kan ń mójú tó o? Ta ni ẹni náà? Súpáfáísọ̀. Ṣé súpáfáísọ̀ mọ ẹ̀rọ náà dunjú? Lódà lòun náà tẹ́lẹ̀. Òfin ò ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní kí wọ́n dán an wò.

Ìjọba tún dá àjọ ITF sílẹ̀ ní 1971 kí àwọn ilé iṣẹ́ lè máa dáwó síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn tó ń lọ fún ẹ̀kọ́ máa ń wọ táì. Akọ̀wé owó lọ, àwọn tó ń tajà lọ, èmi náà lọ rí, wọ́n sì fún wa ní báàgì àti bírò. N kò rí awakọ̀ fọ́kílíìfù kan nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Káṣúà lọ̀pọ̀ wọn, abẹ́ kọngílá ni wọ́n wà. Ta ni yóò kọ́ ẹni tó lè má wá mọ́ lọ́la?

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà, ó pẹ́ kí àwọn náà tó gbọ́n. Ìparí 1998 ni ìjọba wọn tún òfin ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ yìí ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní March 1999. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú olùkọ́, kí wọ́n sì dán an wò níbi iṣẹ́ gan-an. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta wọ́n gbọ́dọ̀ tún un wò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀, tàbí tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀rọ mìíràn fún un, ó gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọdọ̀ wà á rárá. Ohun tó mú mi rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n ní kí kọ́ńpìnnì tọ́jú: orúkọ awakọ̀, ọjọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, àti orúkọ ẹni tó kọ́ ọ tàbí tó dán an wò. Olórí aláàárù Ẹ̀jìnrìn náà ni wọ́n lọ wá padà yẹn, wọ́n sì fi sínú fáìlì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tí a kì í fi ojú kọ́. Ẹni tó ti wa mọ́tò rí máa ń rò pé òun ti mọ fọ́kílíìfù. Ẹ̀yìn ni fọ́kílíìfù fi ń yí. Ìdí rẹ̀ máa ń gba lọ síta nígbà tí iwájú bá ń wọ kọ̀rọ̀, ìdí yẹn ló sì ń lu ògiri, tí ó sì ń lu èèyàn. Irin ńlá kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó máa bá ẹrù iwájú wọ̀n lọ. Ibi tí ó fi dúró gan-an, onígun mẹ́ta ni: táyà iwájú méjèèjì, àti àárín gbùngbùn igi táyà ẹ̀yìn. Níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo ẹ̀rọ àti ẹrù bá bọ́ sínú onígun mẹ́ta yẹn, àlàáfíà ni. Bí ó bá yọ jáde níwájú, ìdí á gbé nílẹ̀; bí ó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ ti dà nìyẹn.

Páànù kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá kọ tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ síbẹ̀, àlàyé wà nídìí rẹ̀: pé àárín ẹrù náà kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìdí ọwọ́ irin ju mìlímítà 500 lọ. Bí ẹrù bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àárín rẹ̀ fi jìnnà tó mítà kan, tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ ti di ìtàn. Bí wọ́n bá gbé e lọ sókè gan-an, ó tún dín kù sí i. Mo ti rí awakọ̀ tó wa ẹ̀rọ títí irun rẹ̀ fi funfun tí kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí ọ̀dà ti bò ó, kò sì sí ẹni tó kà á fún un rí. Ohun tí àwọn wọ̀nyí máa ń ṣe bí ẹrù bá ń gbé ìdí ẹ̀rọ nílẹ̀ ni pé wọ́n á pe lódà méjì kí wọ́n wá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè wúwo. Wọ́n á sì máa fi yangàn.

Òjò ni ọ̀tá wa jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọgbà ní Odógunyàn, kọnkéré parí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí, ilẹ̀ pupa ló kù síta. Ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Awakọ̀ kan, ọmọkùnrin tó yára tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, gbé páléètì kan láti ara tírélà. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó rìn. Ó gbé e sókè bẹ́ẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì yí síárìn nítorí pé kòtò kan wà níwájú. Ẹ̀rọ náà kò tètè ṣubú. Ó rọra fì. Ọmọ náà ní àkókò láti ronú, ohun tí ó sì rò ni ohun tí gbogbo ẹni tí wọn ò kọ́ máa ń rò: ó bẹ́. Ibi tí ẹ̀rọ ń ṣubú lọ ló bẹ́ sí. Òpó irin já sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ tó péye ti gbọ́ èyí kí ó tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà: bí ẹ̀rọ bá ń dà, má bẹ́, di síárìn mú, fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ gírígírí, kí o sì fì sí òdìkejì ibi tí ó ń dà sí. Ìdí tí bẹ́líìtì fi wà lórí àga náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti so bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí ọmọ náà wà mọ́ ẹ̀yìn àga kí ó má baà máa dí awakọ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ṣèwádìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni ta ló kọ́ ọ. Gbogbo wa wo ara wa. Kọngílá ní kọ́ńpìnnì ni, kọ́ńpìnnì ní kọngílá ni. Ẹni tó fi hàn án gan-an ti lọ sí ibòmíràn tipẹ́, kò sì sí bébà kan ní gbogbo ọ́fíìsì tó ní orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà rìn padà, ṣùgbọ́n kò rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010, kò tíì sí nígbà náà. Ti àtijọ́ ló wà, ohun tó sì kàn án níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ohun tó ti yí padà láti ìgbà náà kò kéré. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá àjọ tó ń rí sí ààbò sílẹ̀ ní 2011. Lẹ́kkí, tí agbègbè rẹ̀ wà lábẹ́ ẹkùn Ẹ̀pẹ́ tipẹ́ kí wọ́n tó máa pe Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ti di èbúté ńlá: January 23, 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣí i, ọkọ̀ òwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ ní April. Ọjọ́ ìṣísílẹ̀ yẹn kan náà ni Buhari ṣí ilé ìrẹsì Ìmọtà ní Ìkòròdú, tí wọ́n ní ó lè lọ ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, àti mílíọ̀nù 2.8 àpò oníkílò 50 lọ́dún bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dé ojú rẹ̀. Oṣù May ọdún yẹn ni wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote. Ní Kétu-Ẹréyùn ní Ẹ̀pẹ́, 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó oúnjẹ ńlá. Gbogbo ohun tí mo kà yìí, ẹrù ni. Ẹ̀rọ ńlá lè já kọ̀nténà láti ara ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn kọ̀nténà, fọ́kílíìfù ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ.

Èyí ló fà á tí ilé iṣẹ́ tó bá ń gba èèyàn síṣẹ́ ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́ báyìí fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun tó yẹ ni, ṣùgbọ́n ó ti bí ọmọ tirẹ̀. Níbi tí ìwé bá ti ń gba iṣẹ́, àwọn tó ń ta ìwé kì í pẹ́ dé. Ọmọ kan mú tirẹ̀ wá hàn mí, ìwé dídán tó ní èdìdì wúrà. Mo bi í bí ẹ̀rọ tí ó fi kọ́ṣẹ́ ṣe ga tó. Ó ní àwòrán ni wọ́n fi hàn àwọn nínú yàrá ní Ìkòròdú. Orúkọ ẹni tó kọ́ ọ wà nísàlẹ̀ ìwé náà lóòótọ́, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé. Kò rí onítọ̀hún sójú rí. Bí mo bá gbọ́dọ̀ yàn, èmi á yan lódà tó kọ́ṣẹ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, torí òun fọwọ́ kan irin.

Àwọn tó ń kọ́ni bí ó ti yẹ náà wà o, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ọmọ àbúrò mi kan, tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ní Odómọlà, rí àyè lọ́dọ̀ wọn kí ó tó wá iṣẹ́ lọ sí ìhà Lẹ́kkí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló pè mí, inú ń bí i.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Láti àná, wọn ò tíì jẹ́ ká fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ní ká yí ọkọ̀ náà ká lónìí, ká wo táyà, ká wo ṣéènì, ká wo ọwọ́ irin bóyá ó ti là, ká wo ibi tí epo ti ń jò, ká sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ká tún jókòó."

Mo bi í ta lorúkọ ẹni tó ń kọ́ wọn. Ó dárúkọ rẹ̀, ó ní ọkùnrin kan tó ti wa ẹ̀rọ ní Àpápá tipẹ́ ni, ó sì le bí irin.

Mo ní, "Padà lọ jókòó, ọmọ mi. Bí ó bá sì tún ní kí o yí i ká, yí i ká."